Ìbọn Tí Mo Ń Nù Lójú Àdúgbò

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ mi Dúpẹ́ wá wò mí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n níbí, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má bá ọkọ òun jà bí ó bá wá kí mi. Mo bi í pé kí ló dé tí màá fi bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó ní:

"Màmá, Símónì ti ra ìbọn. Kòmándà ti fún un ní pèmí láti fi gbé e. Ó máa ń jókòó síta nù ún ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ará àdúgbò lè mọ̀ pé ọkùnrin wà nílé."

Mo ní, "Ta ló ń dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ ọn?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa rí i ni."

"Ọmọ ńkọ́? Níbo ló máa ń wà nígbà náà?"

"Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Ó máa ń bá a di àkísà mú."

Ọmọ tí mo ń bèèrè yìí ni ọmọ-ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe tọrọ ìwé àti gègé lọ́wọ́ obìnrin tó ń ṣọ́ wa.

Ẹlẹ́wọ̀n ni mí ní Kútọnú. Mo pa ènìyàn. Wọ́n dá mi lẹ́jọ́ ikú, ṣùgbọ́n ìwé àánú dé láti ìlú Faransé, wọ́n sì yí i padà sí ẹ̀wọ̀n títí tí n óò fi kú. N kò ní fi orúkọ mi sí ìwé yìí. Nítorí ọmọ mi ni mo ṣe fi í pamọ́, kì í ṣe nítorí ara mi.

Kí ẹ má baà rò pé igbe ni mò ń ké, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wà. Ara mi le. Àgbàlá kékeré kan wà fún àwa obìnrin, iyanrìn rẹ̀ funfun, mo sì ti gbin ẹ̀fọ́ gbọ́mà àti ata síbẹ̀. Wọ́n ń ṣe dáadáa. Ní òwúrọ̀ mo máa ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ ní ìwé kíkà; ní ọ̀sán a máa ń rán aṣọ. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ìhà òkun, a máa ń gbọ́ ariwo omi. Mo ń sùn, mo ń jẹun. Mo gbà pé ibi tó yẹ mí ni mo wà, ẹni tó bá sì ti gba bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dàrú mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà mí láàmú báyìí ni ìbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ọmọ mi.

Èkó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti parí ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin. Ọkọ mi jẹ́ ọmọ Kétu, ó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Kútọnú. A kọ́lé sí Gbégamey nígbà tí ilé kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Màrìwò ni a fi ṣe ọgbà yí ilé náà ká, kò sì ga ju àyà ènìyàn lọ, nítorí náà ohunkóhun tí a bá ń ṣe ní iwájú ilé, gbogbo àdúgbò ló ń rí i. Ọkọ mi tún ní oko àgbọn ní Sèmè-Kpodji, àbúrò rẹ̀ ló sì ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, nítorí náà Bàbá Sèmè ni mò ń pè é. Ìyàwó Wa ni òun ń pè mí.

Ọmọ ọdẹ ni ọkọ mi. Ó jogún ìbọn ṣakabùlà kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì ní pèmí rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni a ti ń kì í. Ẹ̀tù ló ń kọ́kọ́ wọlé, a ó fi háhá àgbọn dí i mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà a ó da ọta lé e bí a bá fẹ́ fi pa ẹran. Bí ó bá jẹ́ pé òkú àgbà ni a fẹ́ fi yẹ́ sí, ẹ̀tù àti háhá náà ti tó. Yóò dún, ṣùgbọ́n kò sí ọta tí yóò jáde.

Nínú ìdílé wọn, òfin kan wà tí n kò rí níbòmíràn. Ẹnì kan kì í sọ ohun tó wà nínú ìbọn fún ẹnìkejì, ẹnì kan kì í sì í béèrè. Wọ́n ní ẹnu lè gbàgbé, ẹnu sì lè parọ́. Ẹni tó bá gbé ìbọn lọ́wọ́ ni yóò fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń kì í wọn inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìbọn bá ṣófo, ọ̀pá náà yóò wọlé tán, orí rẹ̀ nìkan ni yóò kù síta. Bí ẹ̀tù nìkan bá wà níbẹ̀, yóò yọ ní ìwọ̀n ìka méjì. Bí ọta bá wà lórí ẹ̀tù, ìka mẹ́rin.

Nígbà tí ọkọ mi bá fẹ́ nu ìbọn yìí, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń lọ. Yóò kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri. Kí ó tó gbé e jáde, yóò ti rán Dúpẹ́ sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n má fòyà, òun fẹ́ gbé irin síta. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Dúpẹ́, ṣé ìbọn lo ní ni, àbí ìyàwó tuntun tí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí?"

Ó ní, "Ìyàwó tuntun kì í pa àlejò."

Ibà ló pa ọkọ mi, ní àárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn tí a ṣe òkú rẹ̀ tán, mo lọ sí ilé Kòmándà, aláṣẹ ìjọba Faransé ní ìlú wa, pé kí wọ́n kọ pèmí náà sí orúkọ mi. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní oko àgbọn ni mo fẹ́ fi ṣọ́, mo sì fi èdè Faransé tí mo mọ̀ bá a sọ ọ́ títí ó fi kọ ọ́. Bàbá Sèmè ló kọ́ mi bí a ṣe ń kì í, bí a ṣe ń fi àdín nù ún, bí a ṣe ń da ẹ̀tù díẹ̀ sí etí rẹ̀ kí iná tó lè ràn án. Gbogbo ìgbà tó bá ń kọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń parí rẹ̀: "Ìyàwó Wa, ojú kì í ti ọ̀pá. Wọ̀n ọ́n."

Mo máa ń wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo máa ń ka aṣọ lórí okùn kí n tó ká a wọlé. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí mo ti tì í. Ìwà mi nìyẹn láti kékeré, ó sì wá burú sí i lẹ́yìn ikú ọkọ mi, nítorí pé Dúpẹ́ ti ń di ọmọge.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gba iwájú ilé wa bí wọ́n bá ń lọ sí Jonquet, níbi tí ilé ọtí pọ̀ sí. Wọ́n á súfèé bí wọ́n bá rí Dúpẹ́. Wọ́n á máa pè é ní orúkọ tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Wọn kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, wọ́n ti fo ọgbà, wọ́n ti wọlé, wọ́n ti gbé ọmọ mi lọ. Mo máa ń rí i bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní àkókò òjò kan, omi kún ẹ̀yìnkùlé wa bí ó ti máa ń kún ní Kútọnú. Ìbọn ti ń dípẹtà, n kò sì ríbi nù ún bí kò ṣe iwájú ilé, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo rán Dúpẹ́ sí àwọn aládùúgbò gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe. Mo wọ̀n ọ́n; ó ṣófo. Bí mo ṣe ń nù ún lọ́wọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ náà dé. Súfèé tí ọ̀kan nínú wọn ń sú kú sí i lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá." Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sì rọra kọjá.

Ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ọ̀dọ́mọkùnrin kankan kò tíì kí mi bẹ́ẹ̀. Ohun tó dẹ mí wò kò ju ìyẹn lọ, ìkíni kan ṣoṣo.

Omi fà, ẹ̀yìnkùlé gbẹ, ṣùgbọ́n n kò gbé ìbọn padà síbẹ̀ mọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo ń gbé àga mi lọ sábẹ́ máńgòrò. N kò rán Dúpẹ́ sí aládùúgbò mọ́, nítorí mo ti fẹ́ kí wọ́n ṣàdédé rí i ni. Nígbà tó yá, mo rí i pé ìbọn òfìfo kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ tó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀tù sínú rẹ̀, láìsí ọta. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀tù sí etí rẹ̀ níṣojú wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké sọ mí ní Ìyá Oníbọn. Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́, inú mi sì dùn.

Bíríkìlà àgbàlagbà kan ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Ó dúró níbi ọgbà ní ọjọ́ kan.

Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ìbọn tí ẹ ń nù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí, ìdọ̀tí wo ló ń kó?"

Mo ní, "Bàbá, pèmí mi pé."

"Pèmí kọ́ ni mo bèèrè. Ìdọ̀tí ni mo bèèrè."

Mo ní inú ọgbà mi ni mo wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, inú ọgbà mi ni mo wà, ṣùgbọ́n ojú òun kò ní ọgbà. Ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ kò gba iwájú ilé mi kọjá mọ́.

Dúpẹ́ náà sọ tirẹ̀. Ó ní, "Màmá, àwọn ọ̀rẹ́ mi kò wá sílé wa mọ́."

"Ọ̀rẹ́ tó ń bẹ̀rù ìbọn tí kò kọjú sí i, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìbọn kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù, Màmá. Ẹ̀yin ni."

Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà, Àfíàví, ìyá Kòjó, ọmọ Gun, ìyẹn Ègùn, láti Àjàṣẹ́. Ọgbà wa kan ara wọn. Ó ń se àkàsà tà, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ ní ilé wa, èyí tó bá sì kù ní ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gbé wá kí a jọ jẹ ẹ́. Nàgó, ìyẹn Yorùbá, yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó kàn ń fi ohùn Gun sọ ọ́ ni, ó sì lè fi ẹnu rẹ̀ mú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló ń sùn tì mí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìbọn yìí, òun náà kò wá mọ́ ní ọjọ́ Sátidé, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Mo lọ bá a ní ìdí ààrò rẹ̀.

"Àfíàví, kí ló dé tí o kò yọjú mọ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ti bímọ, n kò sì tíì jogún. Jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ sí i."

"Ẹ̀tù lásán ló wà níbẹ̀. Kò sí ọta."

"Òótọ́?"

"Ṣé màá parọ́ fún ọ?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ojú tí o ń fà ro yẹn, torí ẹ̀tù?" Ó búra pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Báyìí ni mo ṣe rú òfin ilé ọkọ mi. Mo fi ẹnu sọ ohun tó wà nínú ìbọn fún ẹlòmíràn, ó sì gbà mí gbọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé àkàsà rẹ̀ wá, ó jókòó tì mí, òun nìkan ní gbogbo àdúgbò tí ẹ̀rù kò bà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìmàdò bẹ̀rẹ̀ sí í wú àgbọn kéékèèké tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ní Sèmè. Bàbá Sèmè wá yá ìbọn, ó gbé e lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ó kì í tọtatọta, ṣùgbọ́n ìmàdò náà kò yọjú sí i. Ìbọn tí a bá ti kì báyìí, kò sí ọ̀nà kan tó rọrùn láti tú u ju kí a yìn ín lọ, kò fẹ́ fi ẹ̀tù àti ọta ṣòfò lóko, kò sì lè yìn ín láàárín ìlú. Ó nu ẹ̀tù etí rẹ̀ kúrò kí ó má baà yìn, ó gbé e padà wá, ó fi kọ́ èèkàn rẹ̀ nínú yàrá. Ọjà ni mo wà nígbà tó dé. Nígbà tí mo padà, ó kí mi, ó jẹun, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ohun tó wà nínú ìbọn fún mi, n kò sì bi í. Kò ṣe àìdáa. Nínú ìdílé wọn, sísọ ọ́ ni àìdáa. Ó mọ̀ pé n óò wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Sátidé dé. Mo mú ìbọn, mo mú ìgò àdín àti ẹ̀tù, mo mú àkísà àti ọ̀pá náà, mo jáde. Èèyàn pọ̀ níta ní ọjọ́ yẹn, nítorí oòrùn ti rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Bíríkìlà jókòó sí iwájú ilé rẹ̀. Àwọn obìnrin kan ń di irun. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí Jonquet dé, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ ba mọ́. Ìbọn tí ènìyàn ń rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ti di bí ìgbálẹ̀ lójú wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ìgbọ̀nwọ́ lé ọgbà mi.

"Ìyá Oníbọn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbọn yín yìí, ṣé odi ni? Láti ọjọ́ tí a ti ń kí i, kò dá wa lóhùn rí."

Èkejì ní, "Má yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti fẹ̀yìn tì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń di irun náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀pá wà lórí itan mi. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n kì í bọ inú ìbọn, kí n sì wo iye ìka tó yọ. Mo ti fẹ́ gbé e. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá rí mi tí mo ń wọ̀n ọ́n, wọn yóò sọ pé n kò mọ ohun tó wà nínú ìbọn ara mi, pé obìnrin ni, kò mọ nǹkan kan. Ojú tì mí. Mo fi ọ̀pá náà sílẹ̀. Mo mú ẹ̀tù, mo da díẹ̀ sí etí ìbọn, mo sì fa ojú ro síbẹ̀.

Àsìkò yẹn ni Àfíàví gba àlàfo ọgbà wa wọlé, abọ́ àkàsà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. N kò rò pé ó fẹ́ dójú tì mí. Mo rò pé ó fẹ́ kí a jọ rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀, kí n lè padà di ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn jàre. Kò lè pa yín. Ẹ̀tù nìkan ló wà níbẹ̀, ó sọ fún mi."

Àdúgbò pariwo ẹ̀rín. Bíríkìlà pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo dìde.

Mo ní, "Àfíàví, kúrò níwájú mi."

"N kò kúrò. Yìn ín kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n lè máa lọ sí ilé ọtí wọn."

"Mo ní kúrò."

"Àní kí o yìn ín." Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ mi.

Mo mọ̀ pé a kì í kọ ẹnu ìbọn sí ènìyàn, ì báà ṣófo. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ mi. Mo kọ ọ́ sí i. Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà á. Fún ìṣẹ́jú akàn yẹn, mo fẹ́ kí ẹ̀rín yẹn kúrò lójú rẹ̀, kí àwọn tó kù sì rí i bí ó ti ń kúrò. Mo fà á.

Ó dún. Nígbà tí èéfín kúrò, Àfíàví ti ṣubú. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bi mí ní nǹkan, kò sì bi mí. Dúpẹ́ sáré jáde láti ibi ààrò, ó gbé orí rẹ̀ sí itan, ó ń fi aṣọ dí ojú ọgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò ṣeé dí. Ọmọ tí mo tìtorí rẹ̀ gbé ìbọn, òun ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kún lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bẹ̀rù ni wọ́n sáré lọ wá ọkọ̀. Wọ́n bá wa gbé e. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún bí ọmọ kékeré. Àfíàví kò dé ilé ìwòsàn.

Mo jókòó síbẹ̀ títí àwọn jándáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, fi dé. Wọ́n bèèrè pèmí. Mo mú un jáde, ó pé. Òfin kò rí àléébù kankan lára ìbọn mi títí di ọjọ́ yẹn.

Nílé ẹjọ́, agbẹjọ́rò mi fẹ́ kí n sọ pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò mi wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí: pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbé ìbọn jáde, pé mo ń da ẹ̀tù sí i níṣojú wọn, pé mo ń fa ojú ro sí ẹni tó bá kọjá, pé mo sọ fún Àfíàví lẹ́ẹ̀mejì kó kúrò kí n tó yìn ín. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Adájọ́ ní ẹni tó bá múra bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò lè pè é ní àṣìṣe. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́ ọ ní Faransé. Wọ́n bi mí bí mo bá ní ọ̀rọ̀. Mo ní n kò mọ̀ pé ọta wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí n bá fi mọ̀ wà lórí itan mi. Mo jókòó.

Bàbá Sèmè ló tọ́ Dúpẹ́ dàgbà títí ó fi lọ sílé ọkọ. Inú mi dùn sí ilé tó lọ. Símónì kì í ṣe ènìyàn búburú.

Kòjó, ọmọ Àfíàví, náà máa ń wá síbí. Ìgbà kìn-ín-ní tó wá, ó gbé àkàsà dání, n kò sì lè wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Kòjó, n kò mọ bí n óò ṣe tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ."

Ó ní, "Ẹ má tọrọ rẹ̀. N kò wá torí ìyẹn. Ìyá mi fẹ́ràn yín, ìdí nìyẹn tí mo ṣe wá. Bí kò bá jẹ́ pé ó fẹ́ràn yín, n kò ní mọ ọ̀nà ibí."

A jẹ àkàsà náà. Ó sọ fún mi nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté, ó sì lọ. Ó ti wá ní ìgbà púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Mo mọ̀ pé ohun tí kò tọ́ sí mi ni, mo sì ń gbà á.

Símónì wá ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí Dúpẹ́ ti kìlọ̀ fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. N kò bá a jà. Mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí fún un. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ti mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ ti ọ̀pá fún un rí.

Ó ní, "Màmá, èmi máa ń wò ó dáadáa kí n tó gbé e jáde."

Mo ní, "Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n bí n kò bá gbé e jáde, ta ni yóò mọ̀ pé mo ní in?"

"Kò sẹ́ni."

"Kí wá ni àǹfààní rẹ̀?"

"Ohun tí mo fẹ́ kí o lọ bi ara rẹ nìyẹn, kí ọmọ tó dàgbà débi tí yóò máa bá ọ mú ju àkísà lọ."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. N kò mọ ohun tí yóò ṣe. Láti inú yàrá yìí, n kò lè gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì lè gbé ọmọ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n kọ èyí, kí ó lè dé etí rẹ̀ láti ẹnu àwọn ẹlòmíràn náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò sọ pé kí ẹ má ní ìbọn bí òfin bá fún yín. Oko wà, ẹranko sì wà. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe tìtorí ẹni tó ń wò yín gbé e. Ẹ máa kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò kí ẹ tó nù ún, kí ẹ sì nù ún níbi tí wọn kò ti ní rí i. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà, pàápàá nígbà tí ojú bá ń tì yín láti wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá sì rí i pé ìkíni àwọn ènìyàn ti yàtọ̀ nítorí irin tó wà lọ́wọ́ yín, tí ó sì ń dùn mọ́ yín, ẹ gbé e wọlé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé kà, ohun kan ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Bí ẹnì kan bá ń nu ìbọn ní ìta ilé rẹ̀ ní àdúgbò yín, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì sá. Ẹ mú ìwé yìí lọ bá a, ẹ kà á fún un, kí ẹ sì dúró títí yóò fi gbé e wọlé.